Ta Ni Ilẹ̀kùn Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ó yẹ kí a wò kí a tó yan ilẹ̀kùn fún ilé. Bóyá wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń pa òwe lé lórí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí wẹ́dà kan jókòó tì mí lórí búlọ́ọ̀kù nínú ilé tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn, tí ó fa fóònù rẹ̀ yọ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò máa sùn ni a ń wá. Èyí tí mo wò lé ní ọgọ́rùn-ún. Òmíràn ní orí kìnnìún méjì. Òmíràn ní ẹṣin tí ó na ẹsẹ̀ iwájú sókè. Òmíràn ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Òmíràn ní irin ṣóńṣó lórí bí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Nígbà tí ó wò mí títí tí n kò sọ nǹkan kan, ó ní, 'Bàbá, èwo ló wù yín nínú gbogbo rẹ̀?'

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Èyí tí ó wù mí wà níbẹ̀. Ohun tí ó dí mi lẹ́nu ni pé mo ṣàkíyèsí pé bí àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ti pọ̀ tó, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún. Olè ni ẹni náà. Wọn kò rí ìyá, wọn kò rí àna, wọn kò rí aládùúgbò, wọn kò rí ọmọdé tí ó ń kiri búrẹ́dì. Olè nìkan ni wọ́n rí.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sí orí ìwé àti orin. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì gbé kalẹ̀ níwájú ojú àwọn ẹlòmíràn, a lè bi í léèrè ohun tí ó ń wí àti ẹni tí ó ń wí i fún. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a ka ilẹ̀kùn bí a ti ń ka ewì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Gáréèjì, ọ̀rọ̀ àwọn Faransé ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá a lò, àwa náà sì yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì tí a ti yá a, ibi tí a ń ti ọkọ̀ mọ́ ni. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Gáréèjì lẹ́nu Yorùbá ni ibi tí ọkọ̀ èrò ti ń kó èrò, tí agbèrò ti ń pariwo orúkọ ìlú, tí ìyá oníyán, ẹlẹ́pà àti oníwèé ìròyìn ti ń pàdé. Ẹni tí ó bá ní òun ń lọ sí gáréèjì, ìrìn àjò ni ó ń lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ilẹ̀kùn sí irú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe wá di ìtìmọ́lé ọkọ̀ ní ibì kan, tí ó sì di ìpàdé ènìyàn ní ibòmíràn. Nígbà tí àwa náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ti inú ilé, ilé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é.

Ilé ọkọ̀ kò pẹ́ nílẹ̀ wa. Ilé àwọn òyìnbó amúnisìn ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ó tó wá dé ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀mọ̀wé tiwa, ní irú àdúgbò bí Bódìjà ní Ìbàdàn, èyí tí àjọ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1958 fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé kọ́. Nínú àwọn ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tí mo mọ̀, ilé ọkọ̀ a máa fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì jẹ́ pákó apá méjì tí a kùn ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú fèrèsé. Kò ṣe fọ́ńté. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn ń gbà wọlé ni ó ṣáájú, ti ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Lónìí, ilé ọkọ̀ ti bọ́ sí iwájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti di ohun tí ó tóbi jù lójú ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yan ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀, ojú ilé rẹ̀ gan-an ni ó ń yàn.

Oríṣi mẹ́rin ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá ń yàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìwà tirẹ̀. Èkínní ni alápá méjì, tí ń ṣí síta tàbí sínú. Kò ní ẹ̀rọ, kò ní àṣírí. Wẹ́dà tàbí káfíńtà àdúgbò lè tún un ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gba ààyè níwájú, apá rẹ̀ tí ó bá wúwo jù a sì máa tẹ̀ sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi máa ha ilẹ̀. Èkejì ni èyí tí ń ká sókè bí ẹní. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dára fún ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ilé tí a bá fi í sí a máa dà bí ilé ìtajà tí a kò tíì ṣí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ lórí irin gbọọrọ. Ó dára níbi tí ààyè kò bá sí, bí onílé bá lè máa gbá iyanrìn kúrò lójú irin náà lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. C. G. Johnson ni ó ṣe ilẹ̀kùn tí ń gbéra sókè yìí ní ọdún 1921, ní ọdún 1926 ó sì ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣí i. Pátákó bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a so pọ̀ ní ìdábùú. Táyà kéékèèké wà létí wọn, wọ́n sì ń bá ojú irin lọ sókè títí gbogbo ilẹ̀kùn yóò fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ àjà. Sípíríńgì líle kan ni ó ń ru ìwúwo rẹ̀, ìdí nìyí tí ọmọdé fi lè gbé e. Sípíríńgì yìí kan náà ni ewu rẹ̀, nítorí bí ó bá já lójijì, ó lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ti gbé nínú ilé tí ó ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ilé àbúrò mi ní ìlú Houston. Bí a bá ti ń bọ̀ láti òde, àbúrò mi a tẹ nǹkan kékeré kan nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn a gbéra, ọkọ̀ a wọlé, ilẹ̀kùn a sì padà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wa kí a tó bọ́ sílẹ̀. Láti inú ilé ọkọ̀ ni a ti ń wọ inú ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16; èyí tí a ṣe fún ènìyàn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, n kò sì rí ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò. Mo bi àbúrò mi pé kí ni orúkọ ẹni tí ó ń gbé ní òdìkejì títì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀.' Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti rí i pé nǹkan kan ń sọ nù: ní ọdún 1999, ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ṣe òfin kí ilé ọkọ̀ má baà máa gba ojú ilé tuntun lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tí ènìyàn ń gbà wọlé.

Ohun kan tún wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ní àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ń gbéra sókè wọ̀nyí ni a ya láwòrán bí ilẹ̀kùn alápá méjì ti ayé àtijọ́, nígbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ wọ inú ilé. Wọ́n lẹ irin ìdè mọ́ ọn létí, ilẹ̀kùn kò sì yí lórí rẹ̀. Wọ́n lẹ ìdìmú méjì mọ́ ọn láàárín, ọwọ́ kankan kò sì ní dì í mú láéláé. Kí a tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ilẹ̀kùn irin láti ilẹ̀ Ṣáínà tí ó gbòde kan lọ́dọ̀ wa, a ya ojú igi sí i lára, a sì ya kókó igi sí i pẹ̀lú. Irin ni, irin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, síbẹ̀ ó ń díbọ́n pé igi ni òun. Irọ́ tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ ni. Ṣùgbọ́n èmi kò ní pè é ní ìwà òmùgọ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá kun irin kí ó lè dà bí igi ń jẹ́wọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀, pé igi ni ọkàn òun fẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, a kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ilẹ̀kùn tí ó mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Apá méjì ni. Ní apá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé rẹ̀ tí ó ga, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba kan, Ọ̀gágun Ambrose, ń bọ̀ nínú ohun tí àwọn aláàárù gbé rù, àwọn tí ó ru ẹrù sì tẹ̀ lé e. Àwọn ère náà yọ jáde kúrò lójú pákó tó bẹ́ẹ̀ tí òmíràn fi ń yí ojú padà wo ẹni tí ó dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yin ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ, wọ́n sì jàre. Ohun tí ó ń jọ mí lójú jù ni ohun tí ó yàn láti gbẹ́. Àlejò tí ó ń bọ̀ àti onílé tí ó jókòó dè é ni ó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ni a gbé lé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn náà kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa agbára: ọba jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, àlejò sì ká eékún sókè nínú ààyè híhá tí wọ́n fi gbé e wá. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò mọ ilé tí òun dé, yóò sì mọ̀ pé ilé náà ti ń gba àlejò ṣáájú òun.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Níkẹyìn, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn sí ipò rẹ̀ ní ààfin. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà di òní. A lè bínú sí pàṣípààrọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọba Ìkéré gba ìtẹ́, ó sì ní ẹni tí yóò gbẹ́ òmíràn fún un. Àwa tí a fi ilẹ̀kùn tiwa sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó bẹ̀ wá, kí ni a gbà ní pàṣípààrọ̀?

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ayé ọba àti ààfin nìyẹn. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Bàbá Kevin Carroll sì wà lára wọn. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì, ti ṣe ọ̀gá fún Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Mùsùlùmí láti ìran agbẹ́gilére. Ilẹ̀kùn tí Làmídì gbẹ́ wà ní ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí a fi kọnkéré kọ́, láàárín àwọn tí ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kọnkéré kò lé igi jáde. Ọkọ̀ kò lé ọnà jáde. Àwa ni a lé e.

Mo mọ èsì tí àwọn òǹkàwé mi ti ní lẹ́nu. Wọn yóò ní, 'Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ ọnà, ṣé o kò gbọ́ ohun tí àwọn adigunjalè ṣe ní àdúgbò wa ni?' Mo gbọ́. Mo wà láyé ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé ogun abẹ́lé, nígbà tí ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó mú un, tí ògiri ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tí a ń fi àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. N kò ní bú ẹnikẹ́ni tí ó bá fi irin dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe yìí ní ìkejì tí a kì í pa: ògiri tí kò bá lanu kò lè kígbe. Ilẹ̀kùn tí ó bá dí ojú wa mọ́ ìta dí ojú ìta mọ́ wa. Bí olè bá ti fo ọgbà wọlé, ilẹ̀kùn dúdú gbáńgbá yẹn a di ìbòjú fún un. Ó lè ṣe ohun tí ó bá fẹ́, kò sí aládùúgbò tí yóò rí i.

Ohun tí ó yí ọkàn mi padà kì í ṣe àròjinlẹ̀ yìí ṣá. Nínú ilé tí mo ti gbé ṣáájú, ilẹ̀kùn ojú ọgbà ga ju orí ènìyàn lọ, irin páálí ni láti òkè délẹ̀, tìmùtìmù, kò sí ihò kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ti ilé wá láìròtẹ́lẹ̀, ó ru báàgì iṣu lórí. Kò ní fóònù. Ó dúró níwájú irin náà, ó ké bí a ti kọ́ ọ láti kékeré: 'Àgò onílé o!' Ó ké e lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irin. Jẹnẹrétọ̀ ń dún nínú ilé, èmi sì wà nídìí tábìlì mi, mò ń kọ àròkọ kan, bóyá lórí àṣà ìgbàlejò pàápàá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì rí ìyá mi tí ó jókòó sórí báàgì iṣu lẹ́bàá gọ́tà. Kò bínú. Ó kàn wo ilẹ̀kùn náà sókè sódò, ó ní, 'Mo ti rò pé ẹ ti kó kúrò níbí. Ilé tí kò ní ojú, báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀?'

Ìyá mi ti lọ báyìí. Lámèyítọ́ tí ó ṣe fún ilẹ̀kùn yẹn, n kò tíì ka èyí tí ó jù ú lọ nínú ìwé kankan.

Nítorí náà, nígbà tí wẹ́dà mi tún béèrè, mo ní kí ó fi fóònù rẹ̀ sápò, kí a dìde, kí a jáde sí ojú títì, kí a wo ilé láti ibi tí àlejò yóò ti wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Alápá méjì ni, nítorí n kò fẹ́ ohun tí yóò máa retí iná mọ̀nàmọ́ná kí ó tó jẹ́ kí n wọlé. Irin ni egungun rẹ̀, nítorí olè wà. Pákó ìrókò ni a fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ikán kì í tètè rí ìrókò jẹ, àti nítorí pé n kò fẹ́ kun irin kí ó lè díbọ́n. Ní ìdá mẹ́ta òkè, ọ̀pá irin tí a tò lásán ni, tí ojú lè gbà kọjá, tí ọwọ́ kò lè gbà. A gé ilẹ̀kùn kékeré sínú apá kan fún ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn wá, kí ó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ni a ń ṣílẹ̀kùn fún. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí. 'Bàbá, àwọn ènìyàn á máa wo inú ọgbà yín o.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà á sì máa rí wọn.

N kò sọ pé ilẹ̀kùn mi dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Apá òsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀, ìpáàrà sì ti ń yọjú níbi tí òjò ti ń bá a. Kò sí ọnà lára rẹ̀. Owó mi kò tó ti agbẹ́gilére, mo sì ń dá a pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹni tí ó bá fẹ́ yan tirẹ̀: kí ó jáde síta kí ó tó yàn án, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níbi tí àlejò yóò dúró sí, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ ìyá òun ni, kí ni ilẹ̀kùn yìí yóò sọ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kò tíì pé oṣù kan tí a gbé e sí i, mo wà ní ìloro, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn ọ̀pá irin. Aládùúgbò ni, ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání, ojú rẹ̀ hàn ketekete. 'Àgò onílé o!' Mo dáhùn kí n tó dìde: 'Àgò yà o.'